Ìwádìí Tí Mo Ṣe Lórí Ìdílé Ológbò Méjèèjì

Abúlé Ọlọ́runtẹ́dó,
Ọ̀nà Gbọ̀ngán.
Ọjọ́ Àìkú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Gbéminíyì, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni Shalom wà? Ṣé oòrùn Dallas tí o ní ó ń yan ènìyàn bí àgbàdo ti rọlẹ̀ díẹ̀? Bí ẹ bá bọ́ sójú ọ̀nà ńlá yín yẹn, níbi tí o ní mọ́tò mẹ́fà ti ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run ni yóò jókòó tì ọ́ níwájú, òun náà ni yóò jókòó ti Shalom lẹ́yìn, ẹ ó máa lọ ire, ẹ ó máa bọ̀ ire, àárẹ̀ iṣẹ́ ọsibítù kò sì ní di àìsàn sí ọ lára. Ṣe àmín níbẹ̀ kí o tó ka èyí tó kù.

Àwa náà wà dáadáa. Orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ń ṣe ìjọba tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí rédíò tó mọ̀. Kòkó ti ń pọ́n lókè odò. Ìyá rẹ ra àgbébọ̀ adìẹ méjì, ọ̀kan ti ń yé, èkejì kàn dúró tì í tó ń wò ó ni. Fóònù tí o rà fún mi wà ní àlàáfíà, inú agolo ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí kó lè sinmi. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Bí o bá fẹ́ pè mí ní èyí tí a fi ń rí ojú ara wa, jẹ́ kí n máa gbọ́ ṣáájú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀, mo sì rí i pé àwọn ènìyàn ń kọjá lẹ́yìn rẹ níbi iṣẹ́, mi ò mọ ohun tí wọn yóò máa rò nípa ìdílé wa. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé fóònù mọ́ láìdé fìlà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí iṣẹ́ tí o rán wọlé sórí fóònù, pé ìwọ àti Shalom fẹ́ mú ológbò sílé, pé ológbò tó ní ìwé ìdílé ni, pé irú méjì ló wà nílẹ̀, ìwọ fẹ́ràn ọ̀kan, Shalom fẹ́ràn èkejì, kò sì sí ẹni tó gbà fún ẹnìkejì, pé kí Bàbá bá yín dá a, èyí tí Bàbá bá sì mú ni ẹ ó fara mọ́, orí ìdúró ni mo ti ka iṣẹ́ náà, mo wá àga jókòó, mo tún un kà. Ìyá rẹ bi mí pé ta ló kú. Mo ní ẹnikẹ́ni ò kú, Gbéminíyì ló bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

Ọmọ mi, ó pé ọdún mẹ́rin tí o ti bi mí léèrè ọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Owó ń wá, ìkíni ń wá, aṣọ Kérésìmesì ń wá, ṣùgbọ́n nígbà tí o kó kúrò ní Grand Prairie lọ sí Little Elm, o ti kó dé ibẹ̀ tán kí n tó gbọ́. Mi ò bá ọ wí, èmi náà mọ ohun tó fà á. Gbogbo ẹbí wa ló mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa ń rán láti lọ wádìí bí ọmọ wa bá fẹ́ mú ẹnìkan wálé. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣe é. Èmi ni mo máa ń lọ jókòó sídìí ẹlẹ́mu àdúgbò wọn, tí màá ṣe bí ẹni tó ṣìnà, tí màá fi mọ̀ bóyá wèrè wà nínú ìran wọn, bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá wárápá, bóyá àwọn ọkùnrin wọn máa ń lu aya. Èmi náà ni mo lọ wádìí Adétáyọ̀ kí o tó fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Mo dé, mo ní ìdílé náà mọ́ bí omi àmù, mo ní kí o máa lọ. Ìdílé náà mọ́ lóòótọ́. Ọkọ ló gbé báàgì lọ sí Houston, tó fi ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún márùn-ún. Nítorí náà, bí o ṣe tún ní kí n dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò wá bá yín gbé nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ ológbò, mo mọ̀ pé nǹkan ńlá lo gbé lé mi lọ́wọ́. Mo sì pinnu pé eléyìí kò ní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo mú fóònù lọ bá Nímọ́tà, obìnrin tó ń fi P.O.S. sanwó fún wa ní ìkóríta, mo ní kó bá mi tẹ àwọn ìwé tí o fi ránṣẹ́ jáde. Obìnrin náà ní làákàyè. Mo máa ń gbà á nímọ̀ràn pé bó bá fẹ́ lọ jẹun, kó máa da aṣọ bo ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀, kí olè má baà gba ibẹ̀ wọ inú báńkì lọ, ó sì máa ń dá mi lóhùn pé òun gbọ́. Ìwé mọ́kànlá ló tẹ̀ jáde. Mo kó wọn wálé, mo mú awò ojú mi, mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè tó ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ka ìwé mẹ́fà, mo ní kí ìyá rẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé wá bá mi.

Èyí tí ìwọ fẹ́ràn ni mo kọ́kọ́ mú, ológbò ti màmá àgbà tó ń sìn wọ́n tà ní Coppell. Wọ́n ní Persian ni. Inú mi dùn, nítorí Páṣíà wà nínú Bíbélì, ibẹ̀ ni Kírúsì ti jọba, ibẹ̀ ni Ẹ́sítérì ti ṣe ayaba. Mo ní ológbò tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti bá Ẹ́sítérì gbé ààfin, kí la tún ń wá kiri? Irun rẹ̀ kún bí òwú. O ní jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ibi tí ẹ bá gbé e sí ni ẹ ó bá a. Ojú rẹ̀ nìkan ló kọ mí lóminú díẹ̀, ó pẹlẹbẹ bí ojú ẹni tó sáré kọlu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí ojú kọ ọmọ ọlọ́mọ. Mo wá ṣí ìwé ìdílé rẹ̀. Ọmọ mi, ìdílé olóyè ni! Bàbá rẹ̀ joyè Champion, bàbá bàbá rẹ̀ joyè Grand Champion, àní ìyá rẹ̀ pàápàá joyè. Mo ké sí ìyá rẹ pé kó wá wo ológbò tí oyè ilé wọn pọ̀ ju ti ilé báálẹ̀ wa lọ.

Ibi tí mo ti ń fi ìka tẹ̀lé orúkọ wọn ni mo ti rí ohun tó dá ìka mi dúró. Ẹni tó bí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Lord Pumpkin. Ìwé atúmọ̀ èdè mi ní ìyẹn ni Olúwa Elégédé. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó lọ́mọ ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá, mo wo ẹni tó bí ìyá rẹ̀, mo tún bá Olúwa Elégédé níbẹ̀! Mo nu awò mi. Òun náà ni, oyè kan náà, nọ́ńbà kan náà. Gbéminíyì, ọmọ bàbá kan náà ni bàbá àti ìyá ológbò yìí! Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ìyá rẹ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní ṣé kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀ ni. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe ìwádìí, mi ò bá irú rẹ̀ pàdé. Ẹni tó bá ní ohun ìtìjú nílé, ńṣe ló máa ń fi pamọ́ fún mi, èmi ni màá wá a rí. Àwọn wọ̀nyí tẹ tiwọn sórí ìwé fún àlejò. Ó jọ pé ohun tó sọ ojú rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀ nìyẹn, tí o fi ní wọ́n kìlọ̀ fún ọ pé mímí máa ń nira fún irú wọn. Mi ò ní ẹ̀bi ọmọ náà ni o. Ṣùgbọ́n mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Kí n tó bọ́ sí èkejì, jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ Arábìnrin Mojíbọ́lá ti ìjọ yín, tí o ní ó sọ pé ológbò kì í ṣe ohun tí onígbàgbọ́ ń mú wọlé, pé àwọn ayé ló ń rán an níṣẹ́. Bá mi kí i dáadáa. Sọ fún un pé ìyá tó bí mi ní ológbò dúdú kan nínú abà kòkó rẹ̀, ìyá mi yìí kan náà ló sì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ológbò wà nínú ọkọ̀ Nóà, Arábìnrin Mojíbọ́lá ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má sọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn fún un, kíkí nìkan ni kí o bá mi kí i. Ohun tí kò tíì yé èmi ni pé o ní àwọn tiyín kì í pa eku, wọn ò tilẹ̀ fojú kan eku rí, inú àpótí oníyanrìn ni wọ́n ti ń yàgbẹ́, ẹ̀yin lẹ ó sì máa kó o. Níbí, ológbò ló ń ṣiṣẹ́ fún ènìyàn. Ó dáa náà, bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ológbò kejì, èyí tí Shalom fẹ́ràn, ni ti ọ̀gbẹ́ni Ethan ní Grand Prairie. Siamese ni wọ́n pe ìyẹn. Mo wá Siam láti Jẹ́nẹ́sísì títí dé Ìfihàn, mi ò rí i, àyà mi sì já díẹ̀. Ó tín-ín-rín. Ojú rẹ̀, etí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ti ẹni tó lọ fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò, ara rẹ̀ tó kù wá mọ́ fẹ́ẹ́. Ìwé ìdílé rẹ̀ kò ní oyè púpọ̀, ìyá àgbà rẹ̀ kan ṣoṣo ló joyè, ṣùgbọ́n mo ka orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹnìkan tó jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ìdílé mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìdílé kan rí, gbogbo wa la mọ ibi tó já sí. Mo ní ìwé nìkan kò tó lọ́tẹ̀ yìí, ó yẹ kí ènìyàn fojú rí ilé tó ti ń bọ̀.

Mo bá pe Adédọ̀tun, ọmọ àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí ní Grand Prairie níbẹ̀. Mo ní kó lọ bá mi wádìí ilé Ethan, kí Ethan má mọ̀ o, kó wá ìdí ẹlẹ́mu kan jókòó sí. Ó ní wọn kì í ta ẹmu ládùúgbò náà. Mo ní kó wá abẹ́ igi. Ọmọ gbọ́ràn. Ó lọ ní ọjọ́ Sátidé tí kò níṣẹ́, ó gbé mọ́tò rẹ̀ sí òdìkejì, ó dúró sábẹ́ igi, ó ń wò ó bí mo ṣe kọ́ ọ, ta ló ń wọlé, ta ló ń jáde, ṣé wọ́n ń jà, ṣé wọ́n ń kí ara wọn. Kò tíì pé wákàtí kan tí ìyá kan fi jáde láti ilé kejì, tó di fóònù mú lọ́wọ́, tó ní kí ló ń wá. Adédọ̀tun ní òun mọ̀ pé ọlọ́pàá ni fóònù yẹn lè pè wá bá ọkùnrin dúdú tó dúró sábẹ́ igi onígi. Ni ó bá sọ òótọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ mú ológbò nílé yẹn, bàbá àwọn ní Nàìjíríà ló ní kí òun wá wádìí bóyá ìran ológbò náà kì í jalè, bóyá wèrè kò sí láàárín wọn, bóyá ilé tó ti ń bọ̀ kì í ṣe ilé ìjà. Ó ní ìyá náà wo òun títí, ó ní kí òun tún un sọ, òun tún un sọ, ni ìyá bá bú sẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó bi òun léèrè ìwà aládùúgbò òun rí. Ó ní èèyàn dáadáa ni Ethan, ó máa ń bá òun gé koríko, àfi pé ọ̀kan nínú àwọn ológbò náà jí ẹja òun lẹ́ẹ̀kan. Mo ti kọ ìyẹn sílẹ̀: olè, ẹ̀ẹ̀kan, ẹja. Mo dárí rẹ̀ jì í.

Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ lọ bá Ethan. Ethan kò bínú, ó fún un lómi mu, ó fi ìyá ológbò náà àti ìyá ìyá rẹ̀ hàn án, ara wọn dá ṣáṣá. Bí Adédọ̀tun ṣe jókòó ni èyí tí Shalom fẹ́ràn gun itan rẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe igbe ológbò tí a mọ̀, ó jọ ìgbà tí obìnrin bá ti ọjà dé tó ń ro bí ọjà ṣe rí. Bí òun bá dákẹ́, á dákẹ́, á máa wo òun lẹ́nu. Bí òun bá sọ̀rọ̀, á dáhùn. Òun bá a sọ Yorùbá, ó dáhùn. Ó ní òun ò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ọ̀gá òun fún un. Ọmọkùnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ wọ yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sí, ó jókòó níbẹ̀ títí ọ̀sán fi lọ tán. Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ara tù ú.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀. Gbéminíyì, ìyá rẹ sọ fún mi ohun tí Jessica, olùkọ́ Shalom, bá ọ sọ, pé ọmọ náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n odidi ọ̀sẹ̀ lè kọjá kó má lanu ní kíláàsì. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Bí mo bá pè, á ní “Hi, Grandpa”, lẹ́yìn náà èmi ni mo ń sọ gbogbo èyí tó kù, màá sọ̀rọ̀ adìẹ títí ọ̀rọ̀ adìẹ á fi tán lẹ́nu mi. Ìwọ fẹ́ Páṣíà nítorí ó máa ń rẹ̀ ọ́ tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, ohun tó dákẹ́ lo fẹ́ bá nílé. Mo mọ̀ ọ́n lára, kò sì sẹ́ni tó lè bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ sọ pé irun Páṣíà yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yà á, ìwọ tí o kì í ráyè ya tìrẹ. Àti pé, ọmọ mi, ilé yín ti dákẹ́ tó. Ẹ má ra ìdákẹ́jẹ́ kún un. Ẹ mú ti Grand Prairie, èyí tí yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà títí tí kò fi ní rí ibi tí yóò fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ sí. Ohun tí Bàbá dá nìyẹn. Fi ọ̀wọ̀ sọ fún màmá Coppell, má sì mẹ́nu kan Olúwa Elégédé, ojú á tì í.

O ní wọ́n ti fi nǹkan kan tó kéré bí hóró ìrẹsì sábẹ́ awọ ọrùn ológbò náà, tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, kó má baà sọnù. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Mo rí nọ́ńbà náà nínú ìwé, mo sì ti pè é láti kí i káàbọ̀ sínú ìdílé wa, ṣùgbọ́n obìnrin inú fóònù ní kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mọ́kànlá ni tiwa, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tirẹ̀, bá mi bi Ethan bóyá wọn ò tíì fi káàdì sí i. Mo tún rí fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba ìwòsàn fún ológbò, pé bó bá ṣàìsàn, ilé iṣẹ́ kan ni yóò bá yín san owó dókítà. Ìyá rẹ ní ojú ń dun òun, ṣé wọn ò lè kọ orúkọ òun mọ́ ti ológbò. Mo ti bá a kún un. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìran rẹ̀, mo kọ Ìjẹ̀ṣà. Níbi tí wọ́n ti béèrè àwọ̀ irun rẹ̀, mo kọ funfun. Wọ́n ní ṣé inú ilé ló ń wà ni àbí ìta, mo ní inú ilé ni, àfi ọjọ́ ọjà. Màá jẹ́ kí Nímọ́tà fi ránṣẹ́ sí ọ.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí, àfi ìgbà tí mo rí i lánàá pé ìwé kan ṣì kù tí mi ò tíì kà, ìwé àdéhùn tí Ethan ní kí o fọwọ́ sí. Lókè, wọ́n kọ iye owó orí ológbò náà síbẹ̀. Mo wò ó, mo yí ìwé náà dojú délẹ̀ kí ìyá rẹ má baà rí i, nítorí ó rántí iye tí mo san lórí tirẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn, wọ́n ní o gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé o kò ní jẹ́ kó bímọ láéláé, pé dókítà yóò bá a ṣe é. Inú bí mi. Irú ilé wo ló ń fa ọmọ fún ni tí wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ pé kó má bí? Mo ti kọ lẹ́tà sí Ethan dé ààbọ̀ kí Adédọ̀tun tó là mí lóye lórí fóònù pé àwọn ológbò tí kò nílé ti pọ̀ jù níbẹ̀, ebi ló ń pa wọ́n kú, pé àánú ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fa lẹ́tà náà ya.

Ìlà tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, nítorí láti àná ni mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ethan kọ ọ́ pé nígbàkúgbà láyé ológbò yìí, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ilé tó lọ kò bá gbà á mọ́, bó bá ṣàìsàn, bí nǹkan bá yí padà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tì í síta, kí wọ́n mú un padà wá bá òun, òun yóò gbà á, òun kò sì ní béèrè ìdí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè mi kí n má baà ṣì í kà. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló kọ èyí fún ológbò.

Ìwọ pè mí lọ́jọ́ tí Adétáyọ̀ lọ. Ò ń sunkún. O ní o fẹ́ mú Shalom bọ̀ wálé. Èmi tí mo lọ wádìí lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ń tì mí nítorí ohun tí ẹbí yóò wí, mo sì dá ọ lóhùn pé ibi tí mo fà ọ́ fún ni ilé rẹ, kí o fara dà á níbẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti ń wo èyí tí mo jù sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, mi ò mọ bí a ṣe ń kó o. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo rò pé ìwádìí mi ló kù díẹ̀ káàtó. Àná ni mo tó mọ̀ pé ilé tèmi gan-an ni mi ò wádìí. Mo ṣe ọ́ níbi, ọmọ mi. Ó dùn mí dọ́kàn. Dárí jì mí.

Nítorí náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí bí Ethan ṣe kọ tirẹ̀. Èmi Fọláránmi, bàbá Gbéminíyì, mo ṣèlérí pé nígbàkúgbà láyé rẹ, ì báà lọ́kọ, ì báà má lọ́kọ, bó dára, bí kò dára, bí ìwọ àti Shalom àti ológbò yín bá fẹ́ wálé, kí ẹ máa bọ̀, mi ò ní béèrè ìdí. Mo fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ náà tẹ ìka sí i, ó mọ̀wé kọ o, ṣùgbọ́n ó ní ìka ló dájú jù.

Èyí ló gbé mi dórí ọ̀rọ̀ owó. Yàrá rẹ ni mo ti ń kó iṣu sí láti ọdún tí o ti lọ́kọ. Lánàá, mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, ìyá rẹ gbá ibẹ̀, ó fọ ògiri. Pálọ̀ ni iṣu wà báyìí, àlejò kò ríbi jókòó mọ́. Ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yàrá náà. Bí owó oṣù bá wọlé, jọ̀ọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ Nímọ́tà kí káfíńtà kan òmíràn, kó sì dá ojú ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ tí ológbò lè gbà kọjá. Mo mọ̀ pé kò bójú mu kí bàbá máa gba owó ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ ṣí i fún. Kòkó ni kò tíì délé.

Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ohùn Shalom yóò máa dún nínú ilé rẹ títí wàá fi ní kó dákẹ́ díẹ̀. Ibi tí o wà yóò gbà ọ́, ibi tí o ti wá kò ní kọ̀ ọ́ mọ́ láé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fọláránmi.